Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilé Oko Nítorí Ẹṣin, Ilẹ̀ Ni Kó Kọ́kọ́ Wò

Mo kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ san owó oṣù yìí kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì san, orúkọ yín wà lọ́wọ́ mi, n kò ní kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n wá bá yín ní ìsọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ìwé ẹ̀yáwó mẹ́ta ló dé orí tábìlì mi, ohun kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sínú rẹ̀: wọ́n fẹ́ ra ilé lóko, ilé tó ní ilẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa sin ẹṣin níbẹ̀. Ìwé ẹ̀yáwó tí ó mọ́ mi lójú ni ti ọjà, ti owó ilé ìwé ọmọ, ti páànù ilé, ti ọkọ̀ akérò. Ti ẹṣin kò wọ́pọ̀.

N kò sì lè sọ pé ó yà mí lẹ́nu. Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Ọmọ tí wọ́n bá bí sí ìlú yìí, kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ ìró pátákò ẹṣin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wá sí iwájú ààfin, tí àwọn regbéregbé ń wọ aṣọ ẹgbẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Láti ọdún 2024 tí àwòrán ọjọ́ náà ti gba orí fóònù káàkiri ayé, ojú àwọn ọmọ wa tún ti là sí i. Ẹni tó ń háyà ẹṣin tẹ́lẹ̀ fẹ́ ní tirẹ̀. Ẹni tó ní ọ̀kan fẹ́ ní mẹ́ta, kó lè máa fi háyà fún àwọn tó ń ti Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Kò burú. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn baba wa gùn ún, àwa náà ń gùn ún.

Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń yan ilé náà. Mo ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan kọ ọ́ pé yàrá mẹ́rin ni ilé ní, wọ́n ti fi páànù tuntun bò ó. Èkejì kọ ọ́ pé iná mànàmáná ti dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ní ibẹ̀ tutù, odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé, igi máńgòrò sì bo gbogbo àgbàlá. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ nǹkan kan nípa koríko. Kò sí ẹni tó kọ ibi tí ẹṣin yóò ti mu omi lóṣù kejì ọdún. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ eṣinṣin.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ́ ní ìpàdé ìgbìmọ̀, Bàbá Alága wa ní ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ́, pé ẹni tó bá yá owó lọ ra ilẹ̀ kò lè pàdánù, nítorí ilẹ̀ kì í jẹrà. Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá. Àgbà ni wọ́n, wọ́n sì ti bá ẹgbẹ́ yìí jà la ìjì tó pọ̀ já. Ṣùgbọ́n lórí èyí, èrò wa kò pa pọ̀, wọ́n sì ti fún mi láyè kí n kọ tèmi sínú ìwé ìròyìn. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ tó dára fún ilé lè jẹ́ ibojì fún ẹṣin, àti pé ẹni tí owó ẹṣin ni yóò fi san ẹ̀yáwó, bí ẹṣin bá kú, ilẹ̀ náà kò ní bá a san án. Àwọn onídùúró ni yóò san án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Èmi náà ṣe é rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2015, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pa owó pọ̀, a ra ilé kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú. Ìdílé ìyá wa a máa gun ẹṣin, a sì ti háyà títí ó ti sú wa. Mo yá ₦450,000 nínú ẹgbẹ́ yìí fún ìpín tèmi. Onídùúró mi méjì ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ àti ìyá wa kan tó ń ta gàrí. Ilé náà wù wá. Ó tutù, odò wà níwájú, igi òròǹbó àti máńgòrò wà yíká, ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì mẹ́ta ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ wò ó, gbogbo ojú ilẹ̀ gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lọ kí a tó sanwó.

Ní oṣù kẹrin, a ra ẹṣin kan, akọ pupa tó ní funfun níwájú orí, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń kó wọn wá láti Òkè Ọya. Olùtọ́jú rẹ̀ bá a wá. Ọmọkùnrin yẹn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó wo odò, ó wo igbó tó wà létí rẹ̀, ó ní, “Alájì, ibí yìí ò dáa o, eṣinṣin ẹ̀ pọ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ibo ni eṣinṣin ò sí ní Nàìjíríà.

Ní oṣù keje, ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń jẹun o, kò sì yéé rù. Ibà á mú un lónìí, á lọ lọ́la, á tún padà wá. Abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, nígbà tí a ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí òwú. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, pé ìdílé wa ti ń ṣe ṣekárími jù. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n a ná owó sí ọ̀nà yẹn ná kí a tó ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ní kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ká ní a pe òun ní oṣù kan sẹ́yìn ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó fún un lábẹ́rẹ́. Iléyá ọdún náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí ẹṣin náà dùbúlẹ̀ tí kò dìde mọ́. A háyà lọ́dún yẹn náà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni mo fi san gbèsè ẹṣin tí kò sí mọ́, oṣù méjì sì wà níbẹ̀ tí n kò rí owó san, tí ìyá onígàrí wa san án fún mi, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń sọ ọ́ fún yín lónìí pẹ̀lú àṣẹ wọn.

Eṣinṣin tí mo ń sọ yìí kì í ṣe irú èyí tó ń bà lé ẹja lọ́jà o. Ó tóbi díẹ̀ ju ti ilé lọ, ẹ̀jẹ̀ ló ń mu, ojúmọmọ ló sì ń jẹ ẹran. Bó bá bà sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì a lé orí ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Òun náà ló ń gbé àìsàn oorun ran ènìyàn. Kì í yé ẹyin bí eṣinṣin yòókù, ìdin kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, sórí ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ ibòji. Ẹ ò wá rí i pé ibi tí àwa ń pè ní ibi tó tutù, tó fani mọ́ra, etí odò tí igi bò, ilé tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ilé oko tó wu ọmọ ènìyàn jù lọ ni ó burú fún ẹṣin jù lọ. Níbi tí ilẹ̀ bá ga, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn ń ràn dé ilẹ̀, kì í lè gbé ibẹ̀ pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn níléèwé mọ̀ pé agbára àwọn ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́-Ilé fi di ìlú ńlá, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí koríko pọ̀ tí igbó kò dí. Síbẹ̀ náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn Tápà àti Hausa ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, nítorí pé èyí tó ń kú kì í jẹ́ kí èyí tí wọ́n ń bí tó. Bí ẹlẹ́ṣin bá ti wọ inú igbó, agbára rẹ̀ dín kù, ẹṣin kò ríbi sá, kò rí oúnjẹ jẹ, eṣinṣin sì ń dúró dè é. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, láti ìgbà náà ni ẹlẹ́ṣin kò ti ráyè wọ ilẹ̀ wa dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ìjẹ̀bú ńkọ́? Inú igbó la wà pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹṣin ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ń sin ín sí ibi tí Ọlọ́run kò kọ́kọ́ fi í sí, ó yẹ kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á wá sọ pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká fi ẹṣin sílẹ̀ ní Ìlọrin tàbí Òkè-Ògùn, ká máa kó wọn wá bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo sì rí ọgbọ́n níbẹ̀, nítorí eṣinṣin kò pọ̀ lọ́hùn-ún tó tibí. Ṣùgbọ́n ẹran tí olówó rẹ̀ ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ta ló ni ín? Ọmọ tí yóò gùn ún kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò mọ ọmọ. Ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá tí wọ́n fi ìbọn àti ìlù dá lóhùn lónìí, gbogbo wa ti rí ohun tó máa ń ṣe. Ní tèmi, a lè sin ín nítòsí, tí a bá ti yan ilẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí á yàn án.

Kí lẹ máa wò, nígbà náà? Lẹ́yìn eṣinṣin, omi ni. Ẹṣin kan ń mu tó lítà 30 sí 40 lójúmọ́, bí oòrùn bá mú tàbí tó bá ṣiṣẹ́, á lé sí i. Ẹ fi ojú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wò ó: kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀ fún ẹṣin kan lójoojúmọ́, nígbà mìíràn kẹ́ẹ̀gì méjì. Ẹni tó ní ẹṣin mẹ́rin ń pọn kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ kí èèyàn tó bọ́jú. Ta ni yóò pọn ọ́n? Nítorí náà, ẹ má béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá kànga wà. Oṣù kejì tàbí oṣù kẹta ni kí ẹ lọ, kí ẹ sọ korobá sínú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ gbọ́ ìró tó máa dún. Omi tí kò tó kì í pa ẹṣin lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ gbígbẹ ló máa dì sí i níkùn, inú rírun á bẹ̀rẹ̀, ẹṣin kò sì lè bì. Ohun tó bá wọlé sí i lọ́nà ọ̀fun kò mọ ọ̀nà àbọ̀. Inú rírun lásán ń pa ẹṣin láàárín ọjọ́ kan.

Oṣù kẹfà tàbí oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ tún padà lọ, kí òjò ti rọ̀ dáadáa. Ẹ wọ bàtà òjò, ẹ rìn yí gbogbo ilẹ̀ náà po. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti ń rì, tí omi ń rogún sí, pátákò ẹṣin máa jẹrà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó dà díẹ̀, tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, tí omi ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ láàárín wákàtí kan lẹ́yìn òjò, òun lẹ ń wá. Ẹ tún wo ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà débẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbé ẹṣin tóbi, ó wúwo. Bí ọkọ̀ kò bá lè dé ibẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹṣin yín kò ní dé Ojúde Ọba tí Iléyá bá bọ́ sí ìgbà òjò, dókítà ẹran náà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹṣin yín lóru ọjọ́ tí inú bá ń run ún. Àwọn dókítà ẹran wà ní yunifásítì ti Abẹ́òkúta àti ti Ìbàdàn, àwọn mìíràn wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mọ èyí tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì ní nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó ra ẹran.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ wá ni ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tan ara wọn jù. Pulọ́ọ̀tì mẹ́fà ló wà nínú éékà kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹṣin kan yóò bá máa jẹ koríko orí ilẹ̀, ó ń fẹ́ éékà kan sí méjì tirẹ̀ nìkan, kí a sì pín in sí ọ̀nà bíi mẹ́ta, kó máa jẹ ọ̀kan kí ìyókù máa hù. Lórí pulọ́ọ̀tì mẹ́ta tiwa, oṣù méjì kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi di eruku. Ẹṣin ń jẹ koríko dé gbòǹgbò, kì í ṣe bíi màlúù. Nígbà tó tán, olùtọ́jú wa ń lọ gé koríko ní ẹ̀bá títì, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tó wà ní ẹ̀bá títì: ọ̀rá, ìgò, oògùn tí àgbẹ̀ fọ́n. Ẹṣin tó tó kílò 300 ń jẹ kílò 6 sí 7 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Lọ́dún, ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Bí ilẹ̀ yín kò bá hù ú, àpò yín ni yóò rà á: ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èèrí ọkà bàbà tí wọ́n ń pè ní dùsà, àgbàdo. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará ibi gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù kì í ṣe oúnjẹ ẹṣin, májèlé wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò wù yín láti fi ṣàánú.

Ilé tí ẹṣin fúnra rẹ̀ yóò máa sùn kò le púpọ̀. Yàrá méjìlá-sí-méjìlá tí àwọn bíríkìlà wa mọ̀ yìí náà tó fún ẹṣin kan. Ẹ má ṣe fi ògiri dí i pa, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé lókè, kí òrùlé ga. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé, nítorí kòkòrò tín-ín-tín kan wà tó ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òun ló ń gbé àìsàn ẹṣin kan tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró wú, tó sì ń pani kíákíá. Ẹ kó ẹṣin wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ bi dókítà nípa àjẹsára rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹṣin kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga, kí ó jìnnà tó ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, ẹ sì lè tà á fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́, owó kékeré ni ṣùgbọ́n owó ni. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni ẹ má fi ṣe ọgbà. Ẹṣin a máa sáré bí ẹ̀rù bá bà á, á sì ya ara rẹ̀ mọ́ ọn, àrùn ipá kì í sì í pẹ́ mú ẹṣin tó bá ní ọgbẹ́. Igi lẹ máa fi ṣe é, tàbí páìpù.

Bí ẹ bá rí àwọn darandaran tàbí ọdẹ ní àdúgbò náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ibi tí eṣinṣin wà ju ẹnikẹ́ni lọ, wọn kò sì ní ilẹ̀ kankan láti tà fún yín. Ẹ lè ta aṣọ búlúù àti dúdú sórí igi ní ọ̀sán kí ẹ wo ohun tó máa bà lé e, nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ń fa eṣinṣin náà gan-an, òun ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣe pańpẹ́ rẹ̀. (Ẹ̀yin oníṣòwò àdìrẹ, ẹ má wọ aláró lọ wo ilẹ̀.) Bí odò bá wà nítòsí, a lè ro etí rẹ̀, ká gé ẹ̀ka tó bò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdọọdún ni, ẹni tó sì ni ilẹ̀ òdìkejì lè má gbà.

Ní ti ìwé, ẹ ti mọ̀ ọ́n, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ gómìnà, síbẹ̀ ẹbí lẹ máa bá dúnàá-dúrà lábúlé. Olórí ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn àgbà ẹbí náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ kan tó gùn alùpùpù wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Tí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí ìtà kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sọ́fíyọ̀ ya àwòrán ilẹ̀ náà, kí lọ́yà yín yẹ̀ ẹ́ wò ní Abẹ́òkúta. Ẹ sì wo ẹni tó dá oko yí yín ká. Bí oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lọ́jọ́ tí ẹṣin bá já, ẹ máa san owó ẹ̀gẹ́, ẹ tún máa bẹ baálẹ̀.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó. Ẹṣin ń jẹun ní ọjọ́ 365 lọ́dún. Ọjọ́ mélòó ló ń pa owó wọlé? Ojúde Ọba jẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ka ìgbéyàwó mọ́ ọn, ẹ ka ìwúyè àti òkú àgbà, ẹ ṣì lè kà á tán lórí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan nínú àwọn mẹ́ta yìí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé owó háyà ni òun yóò fi san án lóṣooṣù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òṣìṣẹ́ gidi ni, n kò rí àléébù kan nínú ìwé owó rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́. Òun náà ló ní ilé tí odò wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo dúró lábẹ́ máńgòrò yẹn, ó dà bí ẹni pé mo padà sí ọdún 2015. Eṣinṣin kan jẹ mí ní ọrùn kí n tó wọ mọ́tò. Onídùúró rẹ̀ kan ni ìyá rẹ̀ tó bí i.

Ohun tí mo ń bẹ ìgbìmọ̀ ni pé kí a má fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ilẹ̀ ẹṣin kankan àfi tí àwa méjì nínú ìgbìmọ̀ bá ti bá ẹni náà débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ìgbà òjò kan. Mo mọ̀ pé ó máa fa ọ̀rọ̀ gùn. Àwọn kan ti ń sọ pé akọ̀wé ń fi ìjàǹbá tirẹ̀ dí ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà tí ènìyàn fi dúró kì í pa á, ilẹ̀ tó dára kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mẹ́ta yóò fi rí mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí owó tí wọn yóò fi san án sì jẹ́ owó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe báyìí, kì í ṣe owó ẹṣin. Tí ẹṣin bá pa owó, èrè ni.

Mo tún ní àbá kan tí mo ti bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ ra ilé mẹ́ta? Kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, kí wọ́n ra ilẹ̀ kan tó ga, éékà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kódà kí ilé orí rẹ̀ jẹ́ yàrá kan péré fún olùtọ́jú. Kànga kan, ọgbà kan, olùtọ́jú méjì, dókítà kan tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣebí nítorí irú èyí la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Méjì nínú wọn ní àwọn á rò ó. Ẹnì kẹta, ẹni tó ní odò, ní òun ti san owó àsansílẹ̀ lé ilé náà. Mo ní kó lọ gbà á padà, kódà bí wọ́n bá yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn.

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní èrò tó yàtọ̀ sí tèmi, kó kọ ọ́ wá, màá tẹ̀ ẹ́ jáde bó ṣe kọ ọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ilẹ̀ tí mo ń sọ, ilé tiwa yẹn ṣì wà. A kò rí ẹni rà á. Ẹ̀gbọ́n mi gbin kókò sí etí odò, ó ń ṣe dáadáa, ibẹ̀ sì tutù bí ó ti tutù lọ́jọ́ tí a rà á. Mo máa ń lọ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ lè bá mi lọ. Kí ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.